Ìlà Tí Wọ́n Fà fún Ọmọdé ní Las Vegas, àti Èyí Tí A Kò Tíì Fà ní Ìkòyí

Ọ̀rọ̀ tí ìyá wa kan, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

  

Akọ̀wé ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìrìn àjò tí èmi àti ọmọ-ọmọ mi rìn lọ sí Las Vegas ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn kan gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Màmá, ìlú tẹ́tẹ́ kẹ̀? Kí ni ìyá àgbà àti ọmọ ọdún mọ́kànlá ń wá níbẹ̀?" Mi ò bá wọn jà. Orúkọ tí ìlú náà ní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí ohun kan tó kan àwọn ọmọ wa nílé níbí ju bó ṣe kan àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún lọ, òun ni mo sì fẹ́ fi tó yín létí.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ kò le. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Texas ní ìpàdé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Las Vegas. Àwọn ilé ìtura ibẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńláńlá, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi máa ń ṣèpàdé níbẹ̀. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Ó ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kẹ́ ẹ bá mi mójú tó ọmọ." Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á kọ́kọ́ mú wa lọ nítorí ìkókó. Ìkókó á dàgbà, wọ́n á tún ní ká wá ṣọ́ ọ nígbà ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa wúlò fún ẹni tí irú rẹ̀ bá kàn.

Àkọ́kọ́, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ òbí ọmọ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fọwọ́ sí i pé kí ọmọ bá yín rìn, àti pé bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ lè gba kí dókítà tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò káàdì ìnṣọ́ránsì ọmọ náà sórí fóònù yín. Ẹ má sọ pé, "Ọmọ-ọmọ mi ṣá ni." Dókítà tí kò mọ̀ yín rí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, oòrùn. Àárín aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2024, ooru ibẹ̀ dé ìwọ̀n 120 ní ìṣirò tiwọn, ìyẹn bíi 49 ní ìṣirò tiwa. Ẹ̀ẹ̀rùn Ìkòyí kò tó bẹ́ẹ̀ rí. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa jáde, kí omi sì wà lọ́wọ́ yín. Ilé tẹ́ ẹ bá ń wò lọ́ọ̀ọ́kán tẹ́ ẹ rò pé ó wà nítòsí, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Ilé ibẹ̀ tóbi débi pé ojú kì í mọ bó ṣe jìnnà tó, ẹsẹ̀ àgbà ló máa ń sọ òótọ́ fúnni.

Ẹ̀kẹta, owó. Iye tí wọ́n bá pè fún yàrá lè máà jẹ́ gbogbo rẹ̀. Owó míràn wà tí ọ̀pọ̀ ilé ìtura ibẹ̀ máa ń gbà lójoojúmọ́, tí wọ́n ń pè ní "resort fee", owó orí sì tún wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ pátá kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ti ohun tí ọmọdé lè wò, ó pọ̀. Omi kan wà níwájú Bellagio tó ń ta sókè, tó ń jó tẹ̀lé orin. Wíwò rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbá ńlá kan tó ń yí wà, High Roller lorúkọ rẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ 550 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ máa wà nínú yàrá dígí lórí rẹ̀, ẹ ó sì rí gbogbo ìlú àti àwọn òkè tó yí i ká. Ilé róbótó ńlá tí wọ́n ń pè ní Sphere, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe sinimá. Ọmọ náà gbádùn ara rẹ̀, èmi náà gbádùn ara mi, ká má parọ́.

Ó wá kan òfin, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọdún 1931 ni ìpínlẹ̀ Nevada fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ lábẹ́ òfin. Tẹ́tẹ́ ló sọ Las Vegas di ohun tó jẹ́ lónìí. Ẹ wá gbọ́ o: ní ìlú tó jẹ́ pé tẹ́tẹ́ ló ń bọ́ ọ, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò gbọdọ̀ gba owó tí wọ́n bá jẹ, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ rọra dúró níbi tí wọ́n ti ń ta á. Ọmọdé lè kọjá pẹ̀lú àgbà rẹ̀ bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà lọ sí yàrá tàbí ibi oúnjẹ. Ó lè kọjá, kò lè dúró. Ní òpópónà ńlá ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Strip, lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wà níta láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú ilé ìtura tí a dé sí, òkúta dídán ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá, kápẹ́ẹ̀tì ló sì wà níbi tí àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ wà. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, orí òkúta ni tiwa." Bí a ṣe ń lọ, a rí bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì ó ń wo àwọn tó ń ta á. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọkùnrin síkiọ́rítì fi dé bá a. Kò pariwo, kò bú u. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa lọ. Bàbá náà bẹ̀bẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí a dé yàrá, ọmọ-ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Tí nǹkan yẹn bá dáa, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí n wò ó? Tí kò bá dáa, kí ló dé tí gbogbo àgbà ń ṣe é?"

Ẹ̀yin ará, kí lẹ máa sọ? Mo lè sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ àti ààfáà wà tó máa sọ èyí jù mí lọ. Ìṣirò ni iṣẹ́ tèmi. Mo ní kó mú bírò àti bébà wá.

Mo ní, "Àwo tó ń yí tí a rí nísàlẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kékeré ń sáré lórí rẹ̀, ihò mélòó ló wà lára rẹ̀?" Ó wò ó lórí fóònù. Ihò 38 ni: láti 1 dé 36, òdo kan, àti òdo méjì tó wà papọ̀. Mo ní, "Tí o bá fi dọ́là kan lé nọ́ńbà kan, tí bọ́ọ̀lù sì dúró níbẹ̀, dọ́là 35 ni wọ́n máa fún ọ, wàá sì mú dọ́là tìrẹ padà. Ó jẹ́ mélòó?" Ó ní 36. Mo ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká gbà pé a fẹ́ gbọ́n jù wọ́n lọ. A fi dọ́là kọ̀ọ̀kan lé gbogbo nọ́ńbà pátá, ká lè rí i dájú pé a máa jẹ. Mélòó ló jáde lápò wa?" Ó ní 38. "Mélòó ló padà wá?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Thirty-six." Ó tún dákẹ́. Ó ní, "Màmá àgbà, a jẹ, a sì tún pàdánù dọ́là méjì!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Dọ́là méjì yẹn ló kọ́ gbogbo ilé tí o rí yìí. Òun ló ra iná, òun ló ra òkúta dídán, òun ló ń gbé omi jó. Ẹni tó ni àwo náà kì í ta tẹ́tẹ́, ìṣirò ló ń ṣe. Ẹnì kan lè jẹ lónìí, kó jó wálé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń yí àwo náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, dọ́là méjì nínú 38 kò ní yéé lọ síbi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ síbi eré àwọn ọmọdé nínú ilé ìtura kan. Ọmọ máa ń fi káàdì ṣeré, ẹ̀rọ á máa pọ tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi tíkẹ́ẹ̀tì gba nǹkan ìṣeré. Kò sí òfin tó ní kí ọmọdé má ṣe é. Mo fi 20 dọ́là sórí káàdì náà fún un. Ó ṣeré títí, ó kó tíkẹ́ẹ̀tì jọ, wọ́n fún un ní ejò onírọ́bà kan. Ó wo ejò náà, ó wo ibi tí wọ́n kó irú rẹ̀ sí, ó ní, "Màmá àgbà, èyí ò ju dọ́là méjì lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ihò 38 tún nìyí o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìṣirò náà ti wọlé. Bí mo bá ti bá a jà ni, ì bá gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ráyè, ó wa ọkọ̀ gbé wa lọ wo ìdídò Hoover Dam, tí kò jìnnà sí Las Vegas, ó tó bí ẹni ń lọ láti Ìkòyí sí Ìbàdàn. Odò Colorado ni wọ́n dí níbẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ 726 ẹsẹ̀ bàtà, Ààrẹ Roosevelt ló sì ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1935. Bẹ́ ẹ bá ti ń gba Aṣéjíre kọjá tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti rí ìdídò, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìlú kékeré tí a gbà kọjá kí a tó débẹ̀ ló gba ọkàn mi. Boulder City lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1931 náà, ọdún tí Nevada fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ gan-an, ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó máa kọ́ ìdídò. Wọ́n mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó bá gba owó lópin ọ̀sẹ̀, tí tẹ́tẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní gbé owó délé. Wọ́n ṣòfin pé kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìdídò parí. Nígbà tó di ọdún 1960, ìjọba fa ìlú lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Gbogbo wa máa rò pé wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún tẹ́tẹ́, nítorí owó wà ńbẹ̀, aládùúgbò wọn sì ń jẹ ẹ́. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìlú wọn pé àwọn ò fẹ́. Títí dòní, ní ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti ń rí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní ilé epo àti ní ilé ìtajà oúnjẹ, kò sí tẹ́tẹ́ ní Boulder City. Ìlú kékeré ni o. Ìlú tó jókòó, tó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wá sílé.

Ní Las Vegas, ọmọ ọdún mọ́kànlá kò lè dúró wo tẹ́tẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ní ìlú tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin náà ń rí ohun tí mò ń rí. Ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé ń gbé nọ́ńbà lọ fún bàbá rẹ̀ ní kíọ́ọ̀sì. Òun ló máa fi tíkẹ́ẹ̀tì jíṣẹ́, òun náà ló máa lọ wo nọ́ńbà tó jáde. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà níbi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé, wọ́n kọ "18+" sára ògiri rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì jókòó sábẹ́ "18+" náà ó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà lórí fóònù kò tilẹ̀ ní ògiri tí a máa kọ nǹkan sí.

Ìyá kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó ta kòkó díẹ̀, ó fi gbèsè díẹ̀ kún un, ó fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní owó WAEC. Ọmọ náà kò jí owó. Ó rò pé òun fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí òun lè dá ìyá òun lóhùn lórí gbèsè yẹn ni. Ó kó o sórí eré bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án wọlé. Ọ̀kan kò wọlé. Kò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Ọmọ tó mọ ìwé ni o. Mo mọ̀ ọ́n.

Bóyá bí ẹnì kan bá ti bá a ṣe ìṣirò ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ẹ bá mi ṣe é níbí. Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ń yọ kọ́bọ̀ márùn-ún péré nínú náírà kan lórí eré kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá so eré mẹ́wàá pọ̀, wọ́n á yọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, ohun tó kù nínú náírà yín kò pé 60 kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa so eré púpọ̀ pọ̀. Ẹ wá wo lọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 dé 90, tí márùn-ún ń jáde. Bẹ́ ẹ bá mú nọ́ńbà méjì, méjì-méjì tó wà nínú 90 jẹ́ 4,005. Mẹ́wàá péré nínú wọn ló máa jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi ìgbà 400 nìyẹn. Ẹ lọ bi ẹni tó ń ta á bóyá ìlọ́po 400 ni wọ́n ń san. Ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ bá rí, òun ni ihò tí owó yín ń gbà jò.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan fẹ́ sọ. Á ní, "Màmá, àwọn tó ń ta á ọmọ wa ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun." Òótọ́ ni. Lára àwọn tí mo kọ́ ní ìwé wà níbẹ̀. Mi ò ní ká lé ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní kí àgbà tó ń ná owó ara rẹ̀ wá jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ mi. Ìlà ni mo ní ká fà, irú èyí tí ìlú tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ fà. Kí ọmọdé lè kọjá, kó má lè dúró.

A sì lágbára láti ṣe é. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò láṣẹ láti ṣòfin lórí lọ́tò àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n sì wọ́gi lé òfin lọ́tò ti ọdún 2005. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti Òṣogbo. Ó tún kù o: nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù, kíọ́ọ̀sì àti pátákó ìpolówó. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan kò jìnnà, Àpòmù ni, ọ̀kadà lásán ló máa gbé wa débẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́rin ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lónìí.

Kí ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n má fún kíọ́ọ̀sì tẹ́tẹ́ láyè nítòsí ilé-ìwé kankan ní Ìkòyí, kí pátákó ìpolówó rẹ̀ má sì dojú kọ ọgbà ilé-ìwé. Kí a mú ẹ̀dà rẹ̀ fún aṣojú wa ní Òṣogbo, kí a sì fi tó àwọn orí adé wa létí.

Kí a pe àwọn ọmọ wa tó ń ta tẹ́tẹ́ jókòó, ká bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé, ẹni yòówù tó rán an.

Kí ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò kọ́ àwọn ọmọ ní ihò 38 àti nọ́ńbà 90 yìí. Bí ẹ ò bá ráyè, ẹ pè mí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi ò tíì dùn mí.

Ìkẹrin ni ti àwa àgbà, òun ló sì le jù. Ká má rán ọmọ lọ gbé nọ́ńbà mọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó bá ti ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún bàbá rẹ̀ láti kékeré, kí la máa sọ fún un nígbà tó bá ń kọ tirẹ̀?

Àwọn àgbà ní Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Wọ́n tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti rí ìlú kékeré kan tó sọ pé rárá, tí rárá náà sì dúró láti ọdún 1931. Alága, mo fẹ́ kí a dìbò lórí ìwé yẹn kí a tó túká lónìí, kó má jẹ́ pé a tún sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọlọ́run á bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Ìkòyí á máa gòkè.